Ìmúra Ọdẹ Ọlọ́fà fún Ìgbẹ́ Ìparí Ẹ̀rùn ní Agbègbè Àpòmù

Ní nǹkan bí ọdún 1820, nígbà tí aáwọ̀ ọjà Àpòmù di ogun Òwu, àwọn Ìjẹ̀bú ti ní ìbọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọrun àti ọfà ṣì wọ́pọ̀ lọ́wọ́ jagunjagun àti ọdẹ. Bí ọlọ́fà ṣe ń múra ìgbẹ́ ẹ̀rùn ni a ó ṣàlàyé níhìn-ín.

Ìbọn a máa ba ẹran láti òkèèrè. Ọlọ́fà ní láti sún mọ́ ọn. Ní ìparí ẹ̀rùn, èyí ṣòro: ewé gbígbẹ a máa ró lábẹ́ ẹsẹ̀, iná ìgbẹ́ sì ti jó koríko tí ọdẹ ìbá fi bojú.

Èkíní, ọdẹ a wá ibi tí omi kù sí, nítorí ibẹ̀ ni ẹtu àti àgbọ̀nrín ń wá mu. A wo ipasẹ̀ wọn, a sì gbá ewé kúrò níbi tí yóò lúgọ sí. Èkejì, a da eruku sókè láti mọ ìhà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí ẹran má baà gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀kẹta, a yẹ ọsán ọrun wò, a sì mú òmíràn dání, nítorí bí ọsán bá já, ọrun di igi lásán.

Ìmúra tí ó ṣe pàtàkì jù ni sùúrù. Ẹran tí ọfà bà kì í sábà ṣubú lójú ẹsẹ̀. Ọdẹ tí ó bá sáré lé e yóò lé e wọ igbó dídí. Ẹran á kú lásán, ilé ọdẹ á sì sùn lébi. Ẹni tí ó bá dúró díẹ̀, tí ó sì tọ ipa ẹ̀jẹ̀, ni yóò gbé e délé.