Ẹni tó ń kọ́ títukọ̀: àbọ̀ ni kó kọ́kọ́ rò

Omi kò lọ́tàá ni Yorùbá máa ń wí, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ títukọ̀ má fi ọ̀rọ̀ náà tan ara rẹ̀ jẹ. Ní Agbábù, ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó, gúúsù ni Odò Olúwa ń ṣàn lọ, níhà òkun. Lásìkò òjò, láti ìhà òkun yìí kan náà ni afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́ wá. Bí afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi bá forí gbárí, ìgbì á dìde, ọkọ̀ kékeré á sì máa mì.

Nígbà tí odò bá ń gbé ọkọ̀ lọ, kì í rẹ atukọ̀. Ìgbà tó bá fẹ́ padà ni yóò mọ̀ pé òun ti jìnnà. Nítorí náà, kó kọ́kọ́ tukọ̀ lòdì sí ìṣàn omi, kí odò lè gbé e bọ̀ wálé.

Kó wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kó sì dì í pinpin. Kó má dá lọ. Kó padà kílẹ̀ tó ṣú, nítorí àjọ NIWA, tí òfin ọdún 1997 gbé kalẹ̀, kò fàyè gba ìrìn-àjò òru lórí omi. Bí ọkọ̀ onígi bá dojú dé, kó dì í mú. Yóò máa léfòó.