Ẹnìkan Kì Í Jẹ́ Àwá Dé: Bí Ẹ̀rọ Aṣàwárí Ti Ń Fi Ibùdó Tuntun Sí Ipò

Ní ọdún 2023, díẹ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ pawọ́ pọ̀, wọ́n lọ sí Ìṣẹ́yìn, wọ́n jókòó ti àwọn ahunṣọ, wọ́n sì kọ orúkọ aṣọ òkè sílẹ̀, pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, bí a ti ń hun wọ́n, àti ìgbà tí ó yẹ kí a wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ará ilé àti ará òkè òkun lè rí i kà. Oṣù méjì kọjá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè nípa ẹtù tàbí sányán lọ́wọ́ Google, kò rí iṣẹ́ wọn rárá. Ojú-ìwé àwọn tí ń ta aṣọ ni ó ń rí. Ọ̀kan nínú wọn fajú ro wá bá mi, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ̀rọ yìí kò gbọ́ Yorùbá ni, tàbí ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ń tẹ́ńbẹ́lú wa?”

Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Láyé òde òní, ohun tí a kọ tí ẹnikẹ́ni kò lè wá rí, díẹ̀ ni ó fi sàn ju ohun tí a kò kọ rárá lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀tanú ni ó ń ti iṣẹ́ wa sẹ́yìn, ó yẹ kí á mọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwa fúnra wa ni a kò ṣe ohun tí ó yẹ, ó tún yẹ kí á mọ̀, kí á má baà máa bínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ wá. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ṣe àlàyé bí ẹ̀rọ aṣàwárí ti ń ṣiṣẹ́, àti ìdí rẹ̀ tí wẹ́búsáìtì tuntun, tí n ó máa pè ní ibùdó láti ìsinsìnyí lọ, kì í fi í tètè rí ipò.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ẹ̀rọ aṣàwárí ń ṣe. Èkíní ni ìrìn: ètò kọ̀ǹpútà kan ń kiri láti ojú-ìwé dé ojú-ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń gba orí ìjápọ̀ kọjá. Ìjápọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní líǹkì, ni ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ lójú-ìwé kan tí yóò gbé wa lọ sí òmíràn. Èkejì ni ìkọsílẹ̀: ohun tí ẹ̀rọ náà bá rí, yóò kọ ọ́ sínú ìwé atọ́ka ńlá kan, bí irú èyí tí ó máa ń wà lẹ́yìn ìwé, níbi tí a ti lè rí ojú-ìwé tí ọ̀rọ̀ kan ti wáyé. Ẹ̀kẹta ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ: bí ẹnìkan bá béèrè ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ náà yóò yan àwọn ojú-ìwé tí ó bá a mu láti inú atọ́ka, yóò sì pinnu èyí tí yóò ṣáájú àti èyí tí yóò tẹ̀ lé e.

Ó yẹ kí á ṣe àkíyèsí kan níhìn-ín. Nígbà tí a bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀rọ aṣàwárí, kì í ṣe gbogbo ayé ni ó sáré lọ wò lójú ẹsẹ̀. Ìwé atọ́ka tirẹ̀ ni ó ṣí. Ibùdó tí kò bá sí nínú atọ́ka náà, bí ó ti wù kí ó dára tó, kò tilẹ̀ dé ibi tí a ti ń jà dù ipò. Google fúnra rẹ̀ sọ pé láti ọjọ́ díẹ̀ títí dé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó lè gba òun kí òun tó bẹ ojú-ìwé tuntun wò, òun kò sì ṣe ìlérí pé gbogbo ohun tí òun bá rí ni òun yóò kọ sílẹ̀.

Báwo ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà ṣe bẹ̀rẹ̀? Ní ọdún 1989 ni Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwádìí CERN ní Geneva, dá àbá ètò tí ó so àwọn ojú-ìwé pọ̀ mọ́ ara wọn yìí. Ní ọdún 1991 ni ó sì di ti gbogbo ayé. Nígbà tí ibùdó ṣì kéré níye, ènìyàn ni ó ń tò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni Jerry Yang àti David Filo ṣe bẹ̀rẹ̀ Yahoo ní ọdún 1994: wọ́n ń ka ibùdó, wọ́n sì ń pín wọn sí ìsọ̀rí, gẹ́gẹ́ bí òǹtọ́jú ìwé ti ń to ìwé sí pẹpẹ. Láìpẹ́, ibùdó pọ̀ ju ohun tí ojú ènìyàn lè kà lọ, iṣẹ́ náà sì bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ gbà ni kíka ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tó bákan náà. Karen Spärck Jones, ọ̀mọ̀wé obìnrin kan ní Cambridge, fi hàn ní ọdún 1972 pé ọ̀rọ̀ tí ó ṣọ̀wọ́n ni ó yẹ kí á fún ní ìwọ̀n tí ó tóbi, nítorí pé òun ni ó ń ya ìwé kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Ẹ wò ó nínú èdè tiwa. “Ni”, “tí” àti “ó” kò sí ibi tí wọn kì í sí, nítorí náà wọn kò sọ nǹkan kan fún wa nípa ohun tí ìwé dá lé. Ṣùgbọ́n bí a bá rí “sányán” nínú ìwé, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aṣọ ni. Ìmọ̀ yìí dára púpọ̀, àmọ́ kò tó. Ẹni tí ó ni ibùdó ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí i. Bí ẹlẹ́tàn bá sì kọ “sányán” ní ìgbà ọgọ́rùn-ún sí ojú-ìwé rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń ka ọ̀rọ̀ nìkan yóò gbà pé òun ni ọ̀gá àwọn onísányán.

Larry Page àti Sergey Brin, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n mú ọgbọ́n mìíràn wọ̀ ọ́. Ní ọdún 1996 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1998, wọ́n ti dá Google sílẹ̀. Ohun tí wọ́n rò kò ṣàjèjì sí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ìwé: bí ọ̀mọ̀wé bá tọ́ka sí ìwé ẹlòmíràn, ó ń jẹ́rìí pé ìwé náà wúlò. Wọ́n ní kí á ka ìjápọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe wo ohun tí ibùdó ń sọ nípa ara rẹ̀ nìkan. Ẹ wo ohun tí àwọn yòókù ń sọ nípa rẹ̀.

Ẹ̀rí pẹ̀lú kò dọ́gba. Ẹ fi ojú inú wo arìnrìn-àjò kan tí ń rìn káàkiri láìní ibi pàtó tí ó ń lọ. Bí ó bá dé ojú-ìwé kan, yóò yan ọ̀kan nínú àwọn ìjápọ̀ tí ó wà níbẹ̀, yóò sì gba ibẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí ìgbà 85 nínú 100 ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà 15 tí ó kù, yóò fò lọ sí ojú-ìwé mìíràn láìgba ọ̀nà kankan. Bí ó bá rìn títí, ibi tí ó ń yà sí jùlọ ni ìwọ̀n rẹ̀ tóbi jùlọ. Nínú èyí ni a ti rí ohun méjì. Ẹ̀rí ẹni tí àwọn ènìyàn pàtàkì mọ̀ wúwo ju ẹ̀rí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lọ. Ẹ̀wẹ̀, ojú-ìwé tí ó tọ́ka sí ẹgbẹ̀rún ibùdó ń pín ìwọ̀n rẹ̀ sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ní tó nǹkan.

Lónìí, ìjápọ̀ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń wo bí ọ̀rọ̀ ojú-ìwé ti bá ìbéèrè mu, bóyá ó rọrùn láti kà lórí fóònù, àti, láti ọdún 2014, bóyá ọ̀nà tí ibùdó náà ń gbà ránṣẹ́ ní ààbò. Bí ó ti wù kí ó rí, ẹ̀rí ẹlòmíràn ṣì jẹ́ òpó kan pàtàkì nínú ilé náà. Owó kò sì lè rà á lọ́dọ̀ ẹ̀rọ: ìpolówó wà ní àyè tirẹ̀ pẹ̀lú àmì, Google sì sọ pé òun kì í gba owó láti gbé ẹnikẹ́ni ga nínú èsì yòókù. Àwọn kan gbìyànjú láti máa ra ìjápọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́rìí èké. Àtúnṣe tí Google ṣe ní ọdún 2012, tí wọ́n pè ní Penguin, já púpọ̀ nínú irú ibùdó bẹ́ẹ̀ bọ́ láti òkè. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Nígbà tí mo jókòó ti ibùdó wọn, mo rí ohun mẹ́ta. Èkíní, ìlẹ̀kùn wà ní títì. Ẹni tí ó bá ni ibùdó lè fi àmì sí i pé òun kò fẹ́ kí ẹ̀rọ aṣàwárí kọ ọ́ sínú atọ́ka. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ibùdó náà lọ́wọ́, wọ́n fi àmì yìí sí i kí ayé má baà rí iṣẹ́ tí kò tíì parí. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n gbàgbé láti yọ ọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn ìtẹ́ńbẹ́lú kàn ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu ni. Èkejì, àwòrán ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ni wọ́n kó síbẹ̀, wọ́n sì pe àkọlé wọn ní “Ojú-ìwé 1”, “Ojú-ìwé 2”. Kò sí ọ̀rọ̀ “sányán” tí a tẹ̀ síbẹ̀ tí ẹ̀rọ ìbá rí kà. Ẹ̀kẹta ni ó dùn mí jùlọ: kò sí ibùdó kan ní gbogbo ayé tí ó tọ́ka sí tiwọn, ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ àwa fúnra wa pàápàá kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀dùn ọkàn ọmọ náà nípa èdè wa kò sì jẹ́ asán pátápátá. Lẹ́tà “ẹ́” tí a fi àmì sí lórí àti nísàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń pa lẹ́tà mọ́. Ẹnìkan lè tẹ “ẹ” kí ó tó fi àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ “é” kí ó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n yàtọ̀, àfi bí ètò bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan. Àwọn mìíràn a máa fi ìlà kékeré sí abẹ́ lẹ́tà dípò àmì tóótó, èyí sì jẹ́ àmì mìíràn pátápátá. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ rárá nígbà tí a bá ń béèrè lórí fóònù. Ẹni tí ó tẹ “oko” lè máa wá oko, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ tàbí ọ̀kọ̀. Ẹ̀rọ kì í ṣe babaláwo.

Ìmọ̀ràn mi kì í ṣe pé kí á pa àmì tì. Kí á fi àmì sí ọ̀rọ̀ wa dáadáa, kí gbogbo òǹkọ̀wé ibùdó kan náà sì máa lo ọ̀nà ìtẹ̀wé kan náà. Kí á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ojú-ìwé, bí ìwé atúmọ̀ èdè ti ń ṣe, pé àwọn kan a máa kọ ọ́ ní “aso oke”. Kí àkọlé sọ ohun tí ó wà nínú ìwé. Kí á rí i pé ìjápọ̀ dé gbogbo ojú-ìwé tí a ní, kí á sì fi àkójọ wọn ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ aṣàwárí, nítorí pé ó fi àyè sílẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ àmì náà, wọ́n tẹ ohun tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa tọ́ka sí wọn, ilé-ìwé gíga méjì tí olùkọ́ ibẹ̀ ń lo iṣẹ́ náà sì ṣe bákan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹni tí ó bá béèrè ìtumọ̀ orúkọ sányán yóò rí wọn lójú-ìwé àkọ́kọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ṣọ̀wọ́n, àwọn tí ń ṣàlàyé rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹni tí ó bá kàn béèrè “aso oke” kò tíì rí wọn. Àwọn olówò tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n ṣì wà níwájú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe gbàgbé pé ipò kì í ṣe òtítọ́. Ohun tí ó wà lókè ni ohun tí a jẹ́rìí sí jùlọ, kì í ṣe ohun tí ó péye jùlọ dandan. Ṣùgbọ́n nínú èyí náà ni ojúṣe wa wà. Bí olùkọ́ kan ní Ìkìrun bá kó oríkì ìlú rẹ̀ jọ, tí ọ̀mọ̀wé kan ní Bàhíà sì kọ̀wé lórí orin Kàǹdòmbulé, tí ẹnì kejì kò sì tọ́ka sí ti ẹnì kìíní, ẹ̀rọ kò ní ọ̀nà tí yóò fi mọ̀ pé ará ni wá. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Kí olúkúlùkù tí ó bá ka iṣẹ́ rere ní èdè wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ́ka sí i lórí ibùdó tirẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì kò ní kọjá lórí rẹ̀, ẹ̀rí sì ni.