Iná abẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ò tàn? Ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni

Ọ̀rọ̀ tá a mú wá lónìí, owó àpò ara wa la fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kọ́ ọ.

Ẹnì kan nínú wa ra kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù ní Kùtọnu. MacBook Pro ni, irú èyí tí wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó tà á sọ fún un pé iná wà lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì rẹ̀. Nígbà tó délé, ní ọ̀sán gangan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ bọ́tìnnì tó yẹ kó fi tan iná náà. Kàkà kí iná tàn, àwòrán kékeré kan ló yọ lójú écran, ó dà bí àgádágodo. Ó tún un tẹ̀, àgádágodo náà ló tún rí. Ló bá gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Onítọ̀hún yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní clavier ti kú, kó lọ mú 40 000 F wá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé owó ò sí lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn! Nígbà tó di alẹ́, kúrán lọ ní gbogbo àdúgbò. Kó tó wá àtùpà rí, gbogbo lẹ́tà abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti ń tàn yanran.

Kọ̀ǹpútà náà ò ṣàìsàn kankan. Ohun tí wọ́n ní kó máa ṣe ló ń ṣe.

Ohun tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì ò nira láti mọ̀. Àwọn iná kékeré tí wọ́n ń pè ní LED ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń pín ìmọ́lẹ̀ wọn káàkiri abẹ́ clavier. Bọ́tìnnì fúnra rẹ̀, ike tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá ni. Wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà, wọ́n á wá ha ọ̀dà náà kúrò níbi tí lẹ́tà wà. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà nìkan fi ń tàn.

Àwọn IBM ti gba ọ̀nà mìíràn tiwọn. Wọ́n fi iná kékeré kan sí òkè écran ThinkPad, tó ń tàn wálẹ̀ sórí clavier bí ìgbà téèyàn fi tọ́ọ̀ṣì há àjà. ThinkLight lorúkọ rẹ̀. Ẹ ṣì lè rí i lára àwọn ThinkPad àtijọ́ tó wà lọ́jà, bọ́tìnnì Fn pẹ̀lú èyí tó ń gbé ojú ìwé lọ sókè ni wọ́n jọ ń tẹ̀ láti tàn án. Àwa fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ìwé tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ẹni pẹ̀lú. Ní oṣù kìíní ọdún 2003 ni Apple wá gbé PowerBook G4 onínṣì 17 jáde. Iná wà lábẹ́ bọ́tìnnì èyí, ó sì tún ní ojú kékeré kan tó ń wo bí ibi tẹ́ ẹ jókòó sí ṣe mọ́lẹ̀ tó. Capteur ni wọ́n ń pè é lédè Faransé.

Ọwọ́ ojú kékeré yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ègé silikọni bín-ín-tín ni. Tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ lé e, kúrán díẹ̀ á jáde lára rẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni kúrán náà á máa pọ̀ sí i. Iṣẹ́ kan náà ni panẹ́ẹ̀lì soláà tó wà lórí òrùlé yín ń ṣe. Ṣùgbọ́n soláà ń fi kúrán tirẹ̀ tan iná ilé, kọ̀ǹpútà ní tiẹ̀ kàn ń ka iye kúrán náà ni, kó lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti ṣú tàbí kò tíì ṣú.

Lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan lè tó 100 000 lux. Inú ọ́fíìsì tí wọ́n tan iná sí dáadáa, bíi 300 sí 500 ni. Òṣùpá àrànmọ́jú ńkọ́? Kò tó lux 1. Ẹ wá wò ó: ẹni tó jókòó sábẹ́ igi máńgò lọ́sàn-án rò pé ibòji lòun wà, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ti ọ́fíìsì lọ fíìfíì. Ojú tiwa ti mọ́ ọn lára, kò jẹ́ ká mọ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ò gba irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó bá rí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀, MacBook á pa iná bọ́tìnnì, kò sì ní gbà kẹ́ ẹ tàn án. Ohun tí àgádágodo yẹn ń sọ nìyẹn. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro. Iná kékeré yẹn ò lè hàn lójú oòrùn, bátìrì lásán lẹ máa fi ṣòfò. Lára àwọn kọ̀ǹpútà tí bọ́tìnnì wọn jẹ́ àwọ̀ fàdákà, ó tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: tí iná náà bá tàn lọ́sàn-án, lẹ́tà funfun lórí fàdákà, èèyàn ò ní rí nǹkan kan kà.

Wọ́n tún kọ́ ọ ní sùúrù. Ẹni tó ti oko dé, tó ti inú oòrùn wọ yàrá, ó mọ̀ pé ojú òun ò ní ríran dáadáa títí dìgbà díẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ń dúró díẹ̀ kó tó yí iná padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá gba iwájú iná kọjá ni clavier á máa ṣẹ́ jú. Torí náà, bẹ́ ẹ bá ń dán an wò, ẹ fún un láyè díẹ̀.

Ibo wá ni ojú náà wà? Lára àwọn PowerBook aláwọ̀ fàdákà àti àwọn MacBook Pro àkọ́kọ́, abẹ́ àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ohùn ń gbà jáde ni, lápá ọ̀tún àti lápá òsì clavier. Lára àwọn tó dé lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà ló wà, lẹ́yìn gíláàsì, agbára káká lojú fi lè rí i. Ẹ fi àtàǹpàkò bo ibẹ̀, ẹ ka ení, èjì, títí dé mẹ́wàá. Tí iná bá tàn, clavier ò kú. Tí kò bá tàn, ẹ gbé e wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ tún bọ́tìnnì iná náà tẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló ti rẹ iná náà wálẹ̀ pátápátá. Ẹ tún wo Clavier nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà náà, ibẹ̀ lẹ ti lè sọ fún un pé kó máa tún iná náà ṣe fúnra rẹ̀ tàbí kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń dààmú èèyàn. Ọ̀pọ̀ ló ń lẹ bébà tàbí téèpù mọ́ kámẹ́rà, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wò wọ́n. Kò burú. Àmọ́ tí téèpù náà bá bo ojú kékeré yẹn mọ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà á rò pé òru ni ní gbogbo ìgbà: iná bọ́tìnnì á máa tàn lọ́sàn-án, écran á sì máa ṣú fúnra rẹ̀. Wọ́n á ní écran ti ń kú lọ. Ẹ ṣí téèpù náà kúrò ná.

Gbogbo kọ̀ǹpútà kọ́ ló ní ojú yìí o. Ọ̀pọ̀ HP, Dell àti ThinkPad ò ní in, ọwọ́ lẹ máa fi tan iná tiwọn. Ti ThinkPad, Fn pẹ̀lú bọ́tìnnì gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ ni. Lára HP àti Dell, ẹ wá àwòrán clavier tó ń tan ìmọ́lẹ̀ lára àwọn bọ́tìnnì òkè, F1 dé F12. Bẹ́ ẹ bá wá a tì, ó ṣeé ṣe kó má ní iná rárá, torí wọ́n máa ń ta irú kọ̀ǹpútà kan náà, èyí tó ní iná àti èyí tí kò ní. Àwọn HP àti Dell mìíràn tún wà tí iná wọn máa ń kú bẹ́ ẹ ò bá tẹ nǹkan kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, á padà tàn. Bí ìyẹn bá ń bí yín nínú, inú BIOS lẹ ti lè yí i padà.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń fi kọ̀ǹpútà kọ iṣẹ́ iléèwé lálẹ́, ẹ mọ ìwúlò iná yìí, pàápàá lórí AZERTY, níbi tí é, è àti à ti wà ní ìlà òkè pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà, tí ẹni tí ò tíì mọ clavier lórí gbọ́dọ̀ máa wo ọwọ́ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà lọ́jà, nínú oòrùn, ẹ mú aṣọ dúdú tó nípọn dání. Ẹ tan kọ̀ǹpútà náà, ẹ da aṣọ bo òun àti orí yín, ẹ wá tẹ bọ́tìnnì iná. Bí ẹni tó ń tà á bá ń fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kó máa rín in. Ẹ má yọ owó kẹ́ ẹ tó jáde lábẹ́ aṣọ.