Ìtàn Àdììtú Abanilẹ́rù: Láti Igbó Irúnmalẹ̀ dé Èbúté Lekki

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Ìtumọ̀ òwe yìí ni pé ohun tí ojú rí kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Bí irú ìwé ìtàn kan bá wà tí òwe yìí bá mu gan-an, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Gothic ni. Àwa yóò pè é ní ìtàn àdììtú abanilẹ́rù níhìn-ín. A ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó jẹ́, a ó wo èyí tó jọ ọ́ nínú ìwé Yorùbá, lẹ́yìn náà a ó mú un lọ sí etí òkun Ìbẹ̀jú-Lekki, níbi tí èbúté ńlá tuntun ti ìpínlẹ̀ Èkó wà. Ibẹ̀ ni a rò pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ kọ irú ìtàn yìí ní èdè rẹ̀ ti lè rí ohun tó ń wá.

Kí ni ìtàn àdììtú abanilẹ́rù?

Ìwé tí wọ́n sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́ ni The Castle of Otranto, tí Horace Walpole gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1764. Nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde, Walpole kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó ṣe é bí ẹni pé ìwé àtijọ́ láti ilẹ̀ Ítálì ni, tí ẹnì kan túmọ̀. Nínú rẹ̀, olóyè kan ń gbé inú ààfin, ó ń pàṣẹ, ṣùgbọ́n ohun abàmì kò jẹ́ kí ara ilé náà sinmi. Ìgbẹ̀yìn ìwé ni a tó mọ̀ pé bàbá àgbà olóyè yìí ló fún ẹni tó ni ààfin ní májèlé, tó sì gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí ibẹ̀ yẹn dáadáa. Iwin kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Olórí ọ̀rọ̀ ni pé ẹnì kan ṣe ibi láyé àtijọ́, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì tẹ́ ẹní lé e lórí, wọ́n ń sùn. Iwin kàn ń kan ilẹ̀kùn ni.

Nínú èyí tí wọ́n ń kọ fún àwọn ọ̀dọ́ bíi ọmọ ọdún 12 sí 15, ọmọdé ló sábà máa ń jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn. Wọ́n rán an lọ sọ́dọ̀ ìbátan kan tí kò mọ̀ dáadáa. Ilé náà ti gbó, yàrá kan wà tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọ̀, bí ó bá sì béèrè ọ̀rọ̀, àwọn àgbà á yí i sí nǹkan mìíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ náà yóò máa kó àmì jọ: orúkọ tí wọ́n pa rẹ́, àwòrán tí wọ́n yí ojú rẹ̀ sí ògiri. "Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀." Nínú irú ìwé yìí, ọmọdé ni aláǹgbá, inú ẹbí gan-an ni ògiri ti lanu.

Òkú inú ilé kò ba Yorùbá lẹ́rù

Ibí yìí ni olùkọ́ máa ń kọsẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ kọ ìtàn abanilẹ́rù. Gbogbo wọn kọ ilé ńlá kan tí òkú wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ìlẹ̀kùn ń dún kíì ní òru. Inú fíìmù ni wọ́n ti rí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rò ó wò. Láyé àtijọ́, inú ilé ni Yorùbá ń sin àgbà sí, nínú yàrá tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ sì ń sùn lórí ilẹ̀ ibẹ̀. Di òní, ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹ ó rí sàréè bàbá onílé níwájú ilé, tí wọ́n fi táìlì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí ìyàwó ilé ń sá ẹ̀gẹ́ lórí rẹ̀. Òkú tó wà nínú ilé jẹ́ ara ilé. Òun ni a ń bẹ̀ pé kó má sùn lọ́run. Ọmọ tó bá ń sá fún sàréè bàbá àgbà rẹ̀, ẹ̀rù ẹlẹ́rù ló ń bà á.

Ta wá ni Yorùbá ń bẹ̀rù? Òkú tí kò nílé ni. Ẹni tó kú sínú omi, etí omi ni wọ́n ń sin ín sí. Ẹni tí àrá pa, àwọn oníṢàngó ló ń gba òkú rẹ̀. Aboyún tó kú pẹ̀lú oyún nínú, wọn kì í gbé e wọlé bí wọ́n ṣe ń gbé àgbà. Ẹni tó kú sọ́nà ìrìn àjò, tí wọn kò rí òkú rẹ̀ gbé wálé, kò kúrò lọ́kàn àwọn èèyàn rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni àkúdàáyà wà. Àkúdàáyà ni ẹni tó kú ní ìlú kan, tó tún yà sí ìlú mìíràn, tó ń gbé ibẹ̀ bí alààyè. Wọ́n ní ọjọ́ tí Ọlọ́run yàn fún un kò tíì pé nígbà tí ikú pa á, ìyókù ọjọ́ rẹ̀ ló ń lò. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ń pìtàn yìí, bó sì ṣe máa ń rí nìyí. Obìnrin kan dé ìlú, ó ń tajà, ìwà rẹ̀ dára. Ọkùnrin kan fẹ́ ẹ, ó bímọ fún un. Ohun kan ṣoṣo tí kò fẹ́ ni kí ọkọ rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ mọ ìlú rẹ̀. Bí ó bá rí àlejò láti apá ibì kan, ó máa ń fi gèlè bojú. Lọ́jọ́ kan, ará ìlú rẹ̀ kan pàdé rẹ̀ lọ́jà lójijì, ó kígbe orúkọ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, obìnrin náà ti lọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbé àwọn ọmọ, tó wá ìlú náà kàn, àwọn òbí obìnrin náà fi sàréè hàn án, koríko sì ti bo sàréè ọ̀hún tipẹ́.

Ẹ wò ó bí àmì ṣe pọ̀ nínú ìtàn kékeré yìí! Gèlè, ìlú tí kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ, àlejò tó ń sá fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ìtàn àkúdàáyà kò ní láti yá ààfin ilẹ̀ Òyìnbó lò.

Igbó àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Nínú ìwé Yorùbá, igbó ni ẹ̀rù ń gbé jù. D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938, Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rántí nínú rẹ̀ ni àwọn ẹbọra. Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù wà níbẹ̀rẹ̀, kí Àkàrà-ògùn tó wọ igbó rárá. Bàbá rẹ̀ yìnbọn lu ẹran kan lóko, ó tọ ipa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ipa ẹ̀jẹ̀ náà sì mú un dé ilé ara rẹ̀, ó bá ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀, ó ti kú, ààbọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ ti ẹran. Ìlà díẹ̀ péré ni Fágúnwà fi sọ ọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn tó kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gba ọ̀nà mìíràn. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969, ó sì kọ Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ló ń wádìí nínú méjèèjì. Kọ́lá Akínlàdé náà dá Akin Olúṣínà sílẹ̀, ẹni tí àwọn tó ka Owó Ẹ̀jẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ kò jẹ́ gbàgbé. Nínú ìwé wọ̀nyí, èèyàn ló ń pa èèyàn, làákàyè ni wọ́n sì fi ń mú apànìyàn.

Ìtàn àdììtú abanilẹ́rù dúró sí àárín méjèèjì. Ó ní ẹ̀rù igbó Fágúnwà, ó ní ìwádìí Lápàdé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wádìí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀daràn tó wà níta. Ìdílé ẹni ni.

Etí òkun Lekki

Bí a bá dárúkọ Lekki lónìí, ilé olówó ńlá àti sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ títí dé Ajah ló ń wá sọ́kàn èèyàn. Ìlú Lekki gan-an, tó fi orúkọ rẹ̀ fún gbogbo àgbègbè náà, jìnnà sí ibẹ̀. Apá ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún ló wà, láàárín ọ̀sà àti òkun. Èbúté Lekki wà lójú ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lekki. Ààrẹ Muhammadu Buhari ló ṣí i ní ọjọ́ 23 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òwò ní oṣù Kẹrin ọdún náà. Wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà omi rẹ̀ jìn tó mítà 16.5, kí àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá tí Apápá kò lè gbà lè wọlé. Ní òru, iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò létí òkun tó jẹ́ pé òṣùpá àti fìtílà apẹja nìkan ló ń tàn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tuntun ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ṣùgbọ́n etí òkun yìí ti ṣe èbúté rí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ogun lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó. Ó lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Láti Ẹ̀pẹ́, ó ń ṣòwò gba Lekki àti Palma, èbúté etí òkun kan nítòsí Orímẹ́dù. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, òun àti Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó, ṣe àdéhùn. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun kò ní du Èkó mọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà pé Palma ni èbúté rẹ̀. Kòsọ́kọ́ tún ṣèlérí pé òun yóò jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Èèyàn kì í sì í ṣèlérí láti jáwọ́ nínú ohun tí kò dáwọ́ lé.

Òwe kan wà tí a gbọ́dọ̀ rántí níhìn-ín: "Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú náà ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí a kò ka ikú rẹ̀ sí níhìn-ín, ọmọ ẹlòmíràn ni níbòmíràn. A máa ń fi kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dúró sí etí òkun yìí, kò tún jẹ́ àfiwé mọ́. Àwọn tó wọ ọkọ̀ láti etí òkun wa, tàbí tí wọ́n kú kí ọkọ̀ tó dé, òkú tí kò nílé ni wọ́n. Ìyá wọn kò gbọ́. Bí Yorùbá bá ní iwin tó yẹ kó kan ilẹ̀kùn, àwọn nìyí.

Yàrá títì náà sì wà. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé Yorùbá, èèwọ̀ ni láti sọ pé ẹrú ni bàbá àgbà lágbájá. Ó burú ju èébú lọ. Èyí ń dáàbò bo ọmọ ẹrú, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dáàbò bo ọmọ ẹni tó ta ẹrú pẹ̀lú.

Lekki tún ní ilé mìíràn tó yẹ fún irú ìtàn yìí. Ní 1962, nígbà rògbòdìyàn Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba àpapọ̀ fi òfin há Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́ ìlú Lekki. Nígbà náà, omi ni ọ̀nà ibẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ṣèèṣì gba ibẹ̀ kọjá. Ìyẹn nìkan tó orí kan nínú ìwé.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè kọ ọ́

Ká ní ọmọbìnrin ọdún 13 kan láti Ajah lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Akódò. Ilẹ̀ ẹbí ti wọ inú iṣẹ́ ìdàgbàsókè, wọ́n ń pín owó, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù wá ka ìran rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ẹni tó yẹ kó gbà. Apá kan nínú agbo ilé kò yọjú. Ìyá àgbà ní kí ọmọ náà má bá wọn ṣeré. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, obìnrin kan máa ń dúró létí omi, ó ń kọjú sí iná èbúté, kò sì sẹ́ni tó ń kí i. Ẹ kò rí i pé ìtàn ti bẹ̀rẹ̀? Kò sí iwin kankan níbẹ̀ síbẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan. Ẹ má ṣe sọ ìyá àgbà náà di àjẹ́ ní ìparí. Fíìmù ti ṣe é títí ó fi sú wa, ó sì ti kó bá àwọn arúgbó gidi láwùjọ. Ẹni tó bá ní àjẹ́ ló ṣe é ti dá ìwádìí dúró. Kò ní láti béèrè mọ́ ohun tí ẹbí ṣe.

Ní ti pé bóyá kí obìnrin etí omi jẹ́ èèyàn tàbí àkúdàáyà, ọ̀nà méjì ló wà. Ann Radcliffe, tó kọ The Mysteries of Udolpho ní 1794, máa ń ṣàlàyé ìwin rẹ̀ kí ìwé tó parí: atẹ́gùn ni, tàbí ère kan ni. Yorùbá kì í ṣàlàyé àkúdàáyà. Bó bá lọ, ó lọ náà nìyẹn. Èmi fara mọ́ ti Yorùbá, ṣùgbọ́n mo mọ olùkọ́ tí kò ní gbà.

Àwọn òbí kan kì í fẹ́ kí ọmọ wọn fọwọ́ kan ìwé tó ń dẹ́rù bani rárá. Wọ́n ní ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀mí àìmọ́. A bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ wọn. Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n ka ìwé náà pẹ̀lú ọmọ, kí wọ́n sì gbọ́ ìbéèrè tí yóò béèrè lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í béèrè nípa iwin. Ó máa ń béèrè pé, "Mọ́mì, ta ni wọ́n sin síbẹ̀ yẹn, kí ló dé tí a kì í dárúkọ rẹ̀?"