Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Dúró De Ìjì Yìnyín ní Etíkun Amẹ́ríkà

Lọ́dọọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ ní Kétu àti Ṣábẹ̀, tí ètè wa ń là, tí eruku ń bo ojú títì, àwọn ọmọ wa tó wà ní New York àti Boston náà a máa wo ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń retí yàtọ̀ sí tiwa. Ìpè a wọlé lálẹ́: "Màmá, wọ́n ní yìnyín ń bọ̀ lọ́la. A lè má jáde fún ọjọ́ méjì. Tí ẹ bá pè tí ẹ kò rí wa, ẹ má fòyà." Ìyá á gbé fóònù sílẹ̀, oorun á sì dá lójú rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Kí ni ohun tí wọ́n ń sọ yìí gan-an? Kí ló dé tí ìjọba ibẹ̀ fi ń ti ìlú pa nígbà tí yìnyín kan kò tíì já bọ́? Àwọn ìbéèrè yìí la fẹ́ dáhùn fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí.

Ibi tí ìjì náà ti ń wá

Yìnyín tí à ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tó ń bá òjò já bọ́ sórí páànù wa. Èyí fúyẹ́ bí òwú, ó sì ń rọra balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kóra jọ, ó wúwo. Ó lè wó òrùlé, ó lè fa wáyà iná já.

Òkun Àtìláńtíìkì ni ìjì tó ń gbé e wá sí etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ti ń gba agbára. Afẹ́fẹ́ tútù á sọ̀ kalẹ̀ láti Kánádà. Afẹ́fẹ́ mìíràn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì kún fún omi, á ti ojú òkun wá. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé, ìjà dé. Ìjì náà á máa yí, atẹ́gùn rẹ̀ á sì máa ti àríwá ìlà-oòrùn fẹ́ lu ilẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pè é ní "nor'easter". Láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹrin ni ó máa ń le jù.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìjì yìnyín ni wọ́n ń pè ní "blizzard". Atẹ́gùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó kìlómítà 56 ní wákàtí kan, ènìyàn kò ní lè ríran tó 400 mítà, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán.

Ibi tí iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti le nìyí: ọ̀nà tí ìjì náà bá gbà ló ń pinnu ohun gbogbo. Bí ó bá sún mọ́ ilẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ òkun á sọ yìnyín di òjò lásán. Bí ó bá jìnnà sínú òkun jù, inú omi ni yóò da ẹrù rẹ̀ sí. Ìyàtọ̀ kékeré lójú ọ̀nà, ìyàtọ̀ ńlá nínú ìlú. Omi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ bí ó bá jẹ́ òjò, lè tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá bí ó bá di yìnyín.

Ọdún 1978: wọ́n rò pé kò ní wá mọ́

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 1978, àwọn ará Boston àti agbègbè rẹ̀ jí, wọ́n wo ojú fèrèsé, wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n ti sọ fún wọn pé yìnyín yóò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tí wọn kò rí i, ọ̀pọ̀ wọn gbà pé àsọtẹ́lẹ̀ náà ti já. Wọ́n wa ọkọ̀ wọn lọ síbi iṣẹ́.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, yìnyín dé. Nígbà tí gbogbo ènìyàn fẹ́ padà sílé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà ti dí. Ọkọ̀ tó lé ní 3,000 há sójú títì ńlá kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Route 128. Àwọn ènìyàn jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì kí òtútù má bàa pa wọ́n, yìnyín sì dí ẹnu ihò tí èéfín ń gbà jáde. Ènìyàn mẹ́rìnlá ni èéfín pa sínú ọkọ̀ wọn. Nígbà tí ìjì náà fi lọ, yìnyín tó wà nílẹ̀ ní Boston tó sẹ̀ǹtímítà 69, ìyẹn ju orúnkún àgbàlagbà lọ. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló bá a lọ lápapọ̀.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀. Ìkìlọ̀ wà. Wákàtí díẹ̀ tí ìjì náà fi pẹ́ ló mú kí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Ọdún 2015: wọ́n ti ìlú pa, kò sì wá

Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2015, nígbà tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ sọ pé yìnyín tó New York lè tó sẹ̀ǹtímítà 50 sí 75, ìjọba kò dúró wo fèrèsé. Olórí ìlú náà, Bill de Blasio, sọ pé ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tó tóbi jù nínú ìtàn ìlú wọn. Àwọn ilé ìtajà kún fọ́fọ́. Búrẹ́dì, mílíìkì, ẹyin, àbẹ́là àti bátìrì tán lórí pẹpẹ. Ọkọ̀ òfurufú tó lé ní 7,000 ni wọ́n fagi lé ìrìn wọn.

Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ìyẹn aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ kejì lọ́dọ̀ wa, gómìnà Andrew Cuomo mú kí wọ́n dá ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ New York dúró. Wọn kò ṣe irú rẹ̀ rí nítorí yìnyín. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa mọ́tò lójú pópó mọ́, àfi àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ gbígba ẹ̀mí là.

Ilẹ̀ mọ́. Yìnyín tó balẹ̀ ní àárín gbùngbùn New York kò ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ. Ìjì náà ti yà díẹ̀ síhà ìlà-oòrùn. Àwọn ènìyàn bínú. Awakọ̀ takisí kò rí owó pa, ẹni tó ń gba owó ojoojúmọ́ pàdánù ọjọ́ kan. Ọ̀gá kan nínú àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ìjọba, Gary Szatkowski, bọ́ sórí Twitter, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Ìjì kan náà, lóru kan náà, da sẹ̀ǹtímítà 62 sí Boston. Ní ìlú Worcester, ó tó 88. Àsọtẹ́lẹ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ní kó múra kọ́ ni ìjì náà lọ kí jù.

Bí ọmọ yín bá pè

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí lọ́hùn-ún, ohun tí ẹ lè bi wọ́n nìyí. Ṣé oúnjẹ àti omi ọjọ́ mẹ́ta wà nílé? Ṣé fóònù ti gba iná dáadáa? Bí iná bá lọ, wọn kò gbọdọ̀ gbé èédú tàbí ẹ̀rọ amúnáwá sínú ilé. Èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tí ènìyàn lè fi mọ̀ ọ́n, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun, níbẹ̀ àti níbí. Bí wọ́n bá fẹ́ tan mọ́tò, kí wọ́n kọ́kọ́ kó yìnyín kúrò lẹ́nu ihò èéfín. Ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lọ tàbí tí ọkàn ń dùn, kó má fi ṣọ́bìrì kó yìnyín, nítorí ó ti dá ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró.

Kí àwa náà tó wà nílé má pè wọ́n lápè-ì-dákẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó. Ẹ jẹ́ kí bátìrì wọn pẹ́.

Ẹ̀kọ́ tiwa

Yìnyín kò sí lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n omi wà. Àwọn tó ń gbé létí odò Ouémé, láti ìhà Àjàṣẹ́ títí dé Aguégués, kò tíì gbàgbé omíyalé ọdún 2010. Nígbà tí Météo-Bénin bá kìlọ̀ pé òjò ńlá ń bọ̀, a máa ń gbọ́ ẹni tó ń sọ pé, "Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló wà lẹ́nu àwọn ará Boston ní 1978.

Ẹni tó kó àgbàdo rẹ̀ gòkè tí omi kò sì wá, àárẹ̀ lásán ló jẹ. Ẹni tó fi í sílẹ̀ tí omi wá, ó ti pàdánù ọdún kan. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí ó tó gbọ́n náà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́.

Ẹ bá wa kí àwọn ẹbí tó wà lókè òkun. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òtútù mú wọn.