Ìwo Ọwọ́ Kẹ̀kẹ́: Ẹ Dè É Dáadáa, Ẹ̀mí Kò Láàrọ̀

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere la fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fi í relé oko, tí ẹ ń fi í kó ẹrù lọ sọ́jà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀. Ohun kékeré kan wà lára kẹ̀kẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa kì í wò lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ó lè gbé àgbà ṣubú lójú títì.

Ẹ ó rí i pé lára àwọn kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan tí ọwọ́ wọn nà gbọọrọ, irin kúkúrú méjì máa ń yọ síwájú ní ìparí ọwọ́ náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bí ìwo ewúrẹ́. Bar end ni àwọn òyìnbó ń pè é. Àwa ó máa pè é ní ìwo.

Ìwo yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ní àwọn ọdún 1970, ní California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í to kẹ̀kẹ́ tó lè gba ojú ọ̀nà òkè àti òkúta. Ọwọ́ irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ nà tààrà, ọ̀nà kan ṣoṣo la sì lè gbà dì í mú. Bí ìrìn bá jìn, ọrùn ọwọ́ á máa ro ni. Ìwo ló jẹ́ kí ẹni tó ń gùn ún lè yí ìdìmú padà, kí ó sì lè dìde fi ara ti kẹ̀kẹ́ nígbà tó bá ń gòkè. Ó gbayì gan-an ní àwọn ọdún 1990. Nígbà tó yá, wọ́n mú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fẹ̀ sí i, ìwo kò sì wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ tuntun mọ́. Àwọn ti àtijọ́ ló ṣì ń yí lọ́wọ́ wa.

Èwo ló yẹ, èwo ni kò yẹ?

Ọwọ́ tó nà gbọọrọ nìkan ni ìwo yẹ. Kẹ̀kẹ́ dúdú bí irú èyí tí àwọn bàbá wa ń gùn, tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó, kò nílò ìwo rárá. Bí a bá fi sí i, ẹ̀gbẹ́ ni yóò yọ sí, á wá máa fa aṣọ ènìyàn ya lọ́jà.

Ẹnu ìdè ìwo sábà máa ń gba ọwọ́ tó nípọn ní mìlímítà 22.2. Bí méjèèjì kò bá bá ara wọn mu, ẹ má fi páálí tàbí awẹ́ agolo há a. Ẹ wá èyí tó bá a mu.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n fi ṣe ọwọ́ náà. Irin gidi lè gba ìdè dáadáa. Àlùmíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè tẹ̀ wọnú bí agolo mílíìkì. Ti carbon tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ẹni tó ṣe é kò bá sọ pé a lè dè ìwo mọ́ ọn, ẹ fi í sílẹ̀.

Bí a ṣe ń dè é

Kọ́kọ́ tú bóòtù tó di bíréèkì ọwọ́ àti jíà mú, kí o sún wọn wọlé díẹ̀, kí o sì sún rọ́bà ìdìmú pẹ̀lú tàbí kí o gé ìdí rẹ̀ kúrò. Ibi tí rọ́bà ti kúrò ni ìdè ìwo yóò jókòó lé. Má dè é lé orí rọ́bà o, nítorí yóò máa yí ni. Gbogbo ìdè náà ló gbọ́dọ̀ wà lórí irin, kí ìdajì rẹ̀ má ṣe rọ̀ síta. Lẹ́yìn náà, rí i pé ìka rẹ ṣì ń dé bíréèkì dáadáa, kí o sì fún bóòtù wọn padà.

Fi àkísà gbígbẹ nu ojú irin àti inú ìdè. Gíríìsì kò gbọ́dọ̀ sí láàárín méjèèjì. Ẹsẹ̀ bóòtù nìkan la lè fi díẹ̀ kàn.

Jẹ́ kí ìwo nà síwájú, kí orí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, kí ọ̀tún àti òsì sì dọ́gba.

Ó wá ku fífún un. Àwọn kan á ní, "Fún un títí yóò fi ké!" Rárá o. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi. Bí ẹ bá rí iye kan lára ìdè náà tí wọ́n kọ Nm sí ìdí rẹ̀, òun ni òpin agbára tó yẹ. Bí ó bá jẹ́ 5 Nm, kò le fún oníṣòwò láti mọ̀: ó dà bí ìgbà tí a fi ẹrù kílò 5 kọ́ ìparí kọ́kọ́rọ́ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí, dúró níwájú kẹ̀kẹ́, di ìwo méjèèjì mú, kí o fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ó bá yí, kò tíì yá. Tún un nù, kí o tún un fún dé òpin tí wọ́n kọ. Bí ó bá ṣì ń yí, ìdè náà ti jẹ nìyẹn. Ẹ wá òmíràn. Kí ó yí nílé sàn ju kí ó yí nígbà tí ọkọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹnu tó ṣí sílẹ̀

Èyí ló ká wa lára jù. Yálà ìwo wà níbẹ̀ tàbí kò sí, ẹ má fi ẹnu ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ láìdí. Irin oníhò tí a kò dí ẹnu rẹ̀ dà bí ọ̀bẹ róbótó. Bí ọmọ bá ṣubú lé e, ó lè wọ ikùn, kí ó sì ṣe ẹ̀dọ̀, ọlọ́ inú tàbí ìfun léṣe, nígbà mìíràn tí ojú ara kò ní fi púpọ̀ hàn. Ọmọ tó bá fi ikùn lu ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ má ní ó ti ń ṣeré. Ìdérí rọ́bà méjì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé ìwòsàn. Ẹnu ìwo fúnra rẹ̀ náà yẹ ní dídí.

Lójú ọ̀nà àti lọ́jà

Ẹ rántí pé ẹni tó di ìwo mú ti jìnnà sí bíréèkì. Nítorí náà, ẹ má dì í mú láàárín èrò, lẹ́yìn ọkọ̀, tàbí nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ má sì fi báàgì kọ́ ọ. Ẹrù tó rọ̀ lápá kan yóò máa fa ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sápá ibẹ̀, yóò sì máa tú ìdè náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹrù ń gbé.

Bí kẹ̀kẹ́ bá ti ṣubú, ẹ yẹ ìwo àti ọwọ́ wò. Irin sábà máa ń tẹ̀ kí ó tó ṣẹ́, ṣùgbọ́n àlùmíníọ̀mù lè sán láì kìlọ̀. Èyí tó bá ti sán tàbí tó ti tẹ̀, ẹ má ṣe nà án padà.

Ẹ̀yin oníṣòwò kẹ̀kẹ́, ẹ yẹ èyí tí ẹ fẹ́ tà wò kí oníbàárà tó gbé e lọ. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí kò sì lo ìwo tó wà lára kẹ̀kẹ́ yín, ẹ tú u, kí ẹ wá rọ́bà tó gùn tó, kí ẹ sì dí ẹnu rẹ̀. Owó tí a ń dá sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ara líle la fi ń wá a. Ẹ yẹ kẹ̀kẹ́ yín wò kí ọjà tó ń bọ̀ yìí tó pé.