Bí ẹ bá ń tún ọ̀kadà ṣe nítòsí ilé, ẹ fi ojú sí ìgò epo

Ọ̀kadà tí wọn kì í tún ṣe, ewu ni. Bíréèkì tí kò mú mọ́, táyà tó ti dán, ṣéènì tó ti gbẹ, gbogbo wọn ló ń gbé èèyàn wá sọ́dọ̀ àwa dókítà. Nítorí náà, mi ò ní sọ pé kí ẹ dín àtúnṣe kù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ewu mìíràn wà nídìí àtúnṣe náà fúnra rẹ̀, ẹni tó sì lè fara gbá a lè má tíì gun ọ̀kadà rí. Ó lè jẹ́ ọmọ ọdún méjì tó ń rìn kiri nínú ọgbà, ó sì lè jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tó jókòó ti mẹkáníìkì.

Ẹ jẹ́ ká wo Bouaké, ìlú ńlá kan ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 2002, tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi ìlú náà ṣe ibùdó wọn, ọkọ̀ akérò wọ́n nígboro, ọ̀kadà sì gba ipò rẹ̀. Ogun ti parí láti 2011, ṣùgbọ́n ọ̀kadà kò kúrò. Àwọn èèyàn wa, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń ṣòwò ní orílẹ̀-èdè náà tipẹ́. Yálà àdúgbò Kennedy ní Bouaké lẹ ń gbé ni o, tàbí Òṣogbo, tàbí Ìbàdàn, ibi tí ọ̀kadà bá pọ̀ sí, mẹkáníìkì kì í jìnnà sílé. Nígbà mìíràn, ojúlé yín gan-an ni wọ́n ti ń tú u palẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ fọ̀ kábúrétọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fa epo kúrò nínú táǹkì. Inú kí ni wọ́n ń dà á sí? Inú ìgò omi tàbí ìgò mínírà tó bá wà nílẹ̀ ni. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n á tì í sábẹ́ bẹ́ńṣì. Kò sì yà wá lẹ́nu, torí ojú wa ti mọ́ epo nínú ìgò. Ní Benin Republic, láti Sákétẹ́ dé Kétu, inú ìgò ni wọ́n ń ta epo kpayo sí létí ọ̀nà. Àgbàlagbà mọ̀ pé epo ni. Ọmọdé kò mọ̀. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, ó rí ìgò tí wọ́n fi máa ń fún un ní mínírà, ó sì gbé e sẹ́nu.

Ọ̀pọ̀ òbí rò pé inú ikùn ni epo bẹntiróòlù ti ń pa ọmọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́. Epo yìí ń yọ̀ ju omi lọ. Bí ó bá ti kan ọ̀fun, ọmọ á wúkọ́, ìwọ̀nba tí kò tó ṣíbí kékeré kan á sì gba ihò atẹ́gùn wọlé. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, omi tín-ín-rín kan wà tó ń jẹ́ kí àwọn àpò atẹ́gùn wa là sílẹ̀. Epo á ba omi náà jẹ́, àwọn àpò náà á lẹ̀ pọ̀, ẹ̀dọ̀fóró á wú, ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: ẹ má ṣe mú kí ọmọ bì. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹ má fún un ní omi iyọ̀, ẹ má sì rọ epo pupa tàbí mílíìkì fún un. Mo mọ̀ pé lójú àwọn àgbà, ẹ̀rọ̀ ni epo pupa, ó sì ń pa oró. Ọ̀rọ̀ ìyá wa kò ṣeé kó dànù, àmọ́ èyí kì í ṣe oró tí epo pupa lè pa. Bí ọmọ bá bì, epo bẹntiróòlù tó ti wọ ikùn á tún gba ọ̀fun kọjá, á sì tún rí àyè wọ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́ẹ̀kejì. Epo pupa náà lè tẹ̀ lé e wọbẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe rèé. Ẹ gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ tí epo dà sí, kí ẹ sì fi ọṣẹ àti omi fọ ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó dáadáa. Bó bá ń tòògbé, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má dáná nítòsí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò náà dání, kí dókítà lè mọ ohun tó mu. Ní Côte d'Ivoire, 185 ni nọ́ńbà SAMU, 180 sì ni ti panápaná. Ní Nàìjíríà, 112 ni. Bí ọmọ bá tilẹ̀ ń ṣeré, ẹ ṣì gbé e lọ, torí ó kéré tán, wákàtí mẹ́fà la fi ń ṣọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bó bá ń wúkọ́ léraléra, tí imú rẹ̀ ń fẹ̀, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ má fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò.

Ohun kan náà ló ń ṣe mẹkáníìkì tó ń fi rọ́bà àti ẹnu fa epo. Ọjọ́ tí epo bá yára dé ẹnu ju bó ṣe rò lọ, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló ń lọ. Páǹpù kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ wà lọ́jà, ọ̀pọ̀ táǹkì ọ̀kadà sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣí epo nísàlẹ̀. Kò sí ìdí tí ẹnu fi gbọ́dọ̀ kàn án.

Ẹ̀yin tí ẹ fi ọmọ síṣẹ́ mẹkáníìkì, ẹ béèrè ohun tó fi ń fọ ọwọ́. Bó bá jẹ́ epo bẹntiróòlù ni, ẹ ra ọṣẹ àti ìbọ̀wọ́ fún un. Benzene tó wà nínú epo yẹn ń gba imú àti awọ ara wọlé, ó sì lè fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò kì í ṣe oògùn ọgbẹ́, torí náà kí ó má fi pa ojú egbò. Kí ó má sì fi ọwọ́ nu ṣéènì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí àkísà bá há síbẹ̀, ìka á bá a lọ.

Bí omi bátìrì bá ta sí ojú, omi tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kì í ṣe omi ọmú, kí ẹ tó máa lọ sílé ìwòsàn. Bí sàléńsà bá jó ọmọ lẹ́sẹ̀, omi tútù tó ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú náà ni, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ń ti ọ̀kadà wọ pálọ̀ lálẹ́ nítorí olè. Bó bá di dandan, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nínú ilé láé, torí carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì lè pa gbogbo ilé. Bí táǹkì bá ń jò, ẹ má gbé e wọlé rárá. Ooru epo wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló ń rìn tọ títí yóò fi bá iná sítóòfù.

Kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí tó le, tí ẹ kọ EPO sí lára, tí ẹ gbé sí ibi gíga tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé, ni àyè epo. Kí ẹ tó sùn lónìí, ẹ wo abẹ́ bẹ́ńṣì, ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá rí ìgò mínírà tí epo wà nínú rẹ̀, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì sọ ìgò náà nù.